Asẹ́ Inú Ara: Ohun Tí Ìtọ̀ Ń Sọ Fún Ẹni Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ń Ru

Ẹ̀yin ará wa lóko, ẹ̀kọ́ wa ti òní jẹ́ ti àwọn tí a wọn ẹ̀jẹ̀ wọn tí a sì rí i pé ó ń ru, ìyẹn ni pé ó tó 140 lé 90 tàbí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni nǹkan kan kò dùn. Wọ́n ń kọ ebè, wọ́n ń ru iṣu, wọn kò sì rí ìdí tí wọn ó fi máa lo oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ̀ wọn lè ti máa sọ̀rọ̀.

Kíndìnrín méjì ni a ní, asẹ́ kéékèèké inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó bíi mílíọ̀nù kan. Ẹ wo ẹni tí ń sẹ́ ògì: omi ògì á kọjá, eèrí á dúró sókè. Bẹ́ẹ̀ ni kíndìnrín ṣe ń jẹ́ kí omi àti ìdọ̀tí kọjá sínú ìtọ̀, tí ó sì ń dá èròjà amáradàgbà tí à ń pè ní albumin dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti fi agbára lu asẹ́ yìí fún ọdún pípẹ́, albumin á bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ní ọdún 1827, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Richard Bright, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ara wọn wú. Bí a bá gbé ìtọ̀ wọn lé orí iná àbẹ́là nínú ṣíbí, á dì bí funfun ẹyin. Ní 1836 ó tún kọ ọ́ pé ọkàn ọ̀pọ̀ irú wọn ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó tẹ́ inú gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ wa, láti kíndìnrín dé ọkàn, ojú àti ọpọlọ. Bí ó bá bàjẹ́ ní kíndìnrín, ó ṣeé ṣe kí ó ti máa bàjẹ́ níbòmíràn, kí ọ̀rá máa lẹ̀ mọ́ ọn, kí iṣan máa le, kí ó sì máa fún. Nítorí náà ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí albumin sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ fi súnmọ́ àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ju ẹni tí tirẹ̀ kò jò lọ. Ẹni tí ó ṣubú lójijì lóko, tí a ń wá ọ̀tá rẹ̀ kiri abúlé, ó lè jẹ́ pé ìtọ̀ rẹ̀ ti ń kìlọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Bí jíjò náà bá pọ̀, ìtọ̀ á máa hó bí omi ọṣẹ, ẹsẹ̀ á sì wú. Èyí tí ó kéré kò ṣeé fojú rí. Àyẹ̀wò ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Albumin tí ó ń jáde lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá kì í tó mílígíráàmù 30 lóòjọ́. Ìtọ̀ àkọ́tọ̀ òwúrọ̀ ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ má lọ nígbà tí ibà ń ṣe yín, tàbí ní ọjọ́ kejì ebè kíkọ, nítorí ibà àti iṣẹ́ àṣelàágùn lè mú un jò fún ìgbà díẹ̀. Kí obìnrin má lọ nígbà nǹkan oṣù. Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò láàárín oṣù mẹ́ta.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà, bíi lisinopril, tí ń rẹ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì ń dín jíjò náà kù. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Iyọ̀ òòjọ́ ẹnì kan kò yẹ kí ó ju ṣíbí tíì kan lọ, ti inú Maggi sì wà nínú rẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà lọ́wọ́ akiri fún ara ríro ń ba kíndìnrín jẹ́ bí a bá sọ wọ́n di àlòlójoojúmọ́, wọ́n sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, títí kan àgbo.