A Ó Gbóhùn Ìyá, A Ó Gbóhùn Ọmọ: Ẹ̀kọ́ Lára Omíyalé Máídúgùrì

Nígbà tí oyún bá ti gbó, àdúrà wa ni pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àdúrà rere ni. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni iṣẹ́ tí ó yẹ kí a fi kún un, kí àgbákò tó dé bá ìlú.

Ohun tí ojú rí

Ní òru mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, odi tí wọ́n fi sé omi odò Ngadda ní Alau ya. Omi wọ ààfin Shehu, ó wọ ọjà Monday, ó bo agbègbè Post Office. Ó lé ní 400,000 ènìyàn tí wọ́n sá kúrò nílé. Omi ọ̀hún kò dá ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Máídúgùrì tí ó wà ní ọ̀nà Bama sí. Ó wọ àwọn yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá, ìjọba ìpínlẹ̀ Borno kéde pé àrùn onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀.

Omi Alau ti ya wọ ìlú yìí rí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994. Àwa tí a ti Ìbàdàn wá náà kò gbàgbé ìtàn Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣé a ti kọ́gbọ́n?

Ìdádúró mẹ́ta

Ìrọbí kì í dúró kí omi gbẹ. Ní ọdún 1994 kan náà, àwọn onímọ̀ méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé pé ìdádúró mẹ́ta ni ó máa ń pa aboyún. Èkíní ni ìdádúró nínú ilé, kí a tó pinnu láti lọ. Èkejì ni ìdádúró lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni ìdádúró nínú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, kí a tó rí ìtọ́jú gbà. Bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ tòrò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá wa jà: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2023, ìyá 993 ni ó kú ní Nàìjíríà nínú ìbímọ 100,000. Bí omíyalé bá wá dé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi aboyún kan tí ó ń gbé ní Wulari ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò, tẹlifóònù kò lọ mọ́. Ta ni yóò sọ pé kí ó máa lọ? Ìdádúró kìíní nìyẹn. Kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ ni kí ọkọ, ìyàwó àti ará ilé ti fẹnu kò: ta ni yóò tẹ̀ lé e, owó wo ni a fi pamọ́, ibo ni a ń lọ. Kí wọ́n sì mọ àmì ewu: ẹ̀jẹ̀ dídà, orí fífọ́ tí ojú ń ṣú, gìrì, ibà líle, tàbí ìrọbí tí ó ti kọjá wákàtí méjìlá.

Ní ti ìdádúró kejì, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìlú tí gbogbo agbẹ̀bí rẹ̀ wà lójú kan ṣoṣo ti fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ní àdúgbò lè gbẹ̀bí, kí ó sì ní àkọsílẹ̀ àwọn tí oṣù wọn ti sún mọ́, kí ọkọ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi mọ ilé tí yóò kọ́kọ́ yà.

Ìdádúró kẹta ni a máa ń gbójú fò jù: ilé ìwòsàn pàápàá lè rì. Kí jẹnẹrétọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà lókè, kì í ṣe nísàlẹ̀. Oògùn oxytocin tí ó ń dá ẹ̀jẹ̀ ìyá dúró lẹ́yìn ìbímọ nílò òtútù. Kí misoprostol tí kò nílò fíríìjì wà nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ tí ń mú ọmọ aláìpóṣù móoru sì kú, kí a gbé ọmọ náà sí àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, kí a fi aṣọ bò wọ́n. Láti ọdún 1978 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Kòlómbíà, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là.

Iṣẹ́ tiwa

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe? Èkíní, kí a mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí a ní, kí ẹgbẹ́ wa sì ní ìwé orúkọ àwọn tí ó ṣe tán láti fi tọrẹ. Èkejì, kí a bá àwọn aboyún àdúgbò wa di ẹrù ìbímọ sílẹ̀ nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀: ọṣẹ, ọ̀rá mímọ́ tí wọn yóò tẹ́, ìbọ̀wọ́, abẹ fẹ́lẹ́ tuntun, òwú tí a ó fi so ìwọ́, aṣọ ọmọ àti káàdì ìtọ́jú oyún. Abẹ tí ó ti dípẹtà lè kó àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ran ọmọ. Ẹ̀kẹta, kí a máa gba abiyamọ níyànjú pé ọmú nìkan ni kí ó máa fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nítorí omi àgbàrá kò ṣeé po mílíìkì. Bí ọmọ tí ó ti dàgbà bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ nínú lítà omi kan tí a ti sè tí ó sì ti tutù ni kí a máa fún un, bí a ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni à ń tún òrùlé ṣe. Kí òjò mìíràn tó dé, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa bi aboyún kan tí ó sún mọ́ ọn léèrè pé: bí ọ̀nà ilé ìwòsàn bá dí lóru òní, ibo lẹ ń lọ? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ jẹ́ kí a jókòó tì í títí yóò fi rí i.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àṣẹ.