Bí Ó Ti Yẹ Kí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbára Dì fún Ọgbọ́n Àtọwọ́dá



Ẹ jẹ́ kí a ti ọjà Ìpatà ní Ìlọrin mú ẹ̀kọ́ wa. Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí fi fóònù sanwó ẹran àti ata, àwọn ọlọ́jà gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn gbájúẹ̀ ń fi àlẹ́ẹ̀tì èké hàn wọ́n, wọ́n kọ́gbọ́n pé ọjà kì í kúrò lórí àtẹ títí àwọn yóò fi rí owó nínú àkáǹtì tiwọn.

Irú ìmúra bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n àtọwọ́dá ń fẹ́ lọ́wọ́ àwa olùkọ́. Ẹ̀rọ ni, tí a fi àìmọye ìwé kọ́, tí ó ń to ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i nínú wọn. Ó yára, ṣùgbọ́n ó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù pé yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣe ìmúra.

Ẹ wo ohun tí a ṣe ní ìlú Benin, Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ní ọdún 2024, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ń fi ẹ̀rọ Copilot kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn àkókò ẹ̀kọ́. A kò lé olùkọ́ jáde: àwọn ni wọ́n ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà bí wọ́n ti ń bi ẹ̀rọ léèrè. Nígbà ìdánwò, àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ti iṣẹ́ yòówù, ṣe kí ẹ̀rọ tó wọlé.

Èkíní: kí ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́, láìfi ohunkóhun pa mọ́, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yóò ṣe àti èyí tí kò ní í ṣe.

Èkejì: kí ó fún wọn láàyè láti fi í dánra wò lórí iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dunjú, kí wọ́n lè rí àṣìṣe rẹ̀. Olùkọ́ àgbà tí kò tẹ kọ̀ǹpútà rí kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ.

Ẹ̀kẹta: kí ó yan ẹni tí yóò dáhùn fún àṣìṣe. Òbí kò lè pe ẹ̀rọ lẹ́jọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ẹ̀rọ yìí ni ọmọ titun. Ẹ jẹ́ kí àwa jẹ́ àgbà tí ó wà lọ́jà.