Ọdún Wo Ló Ṣe Géèmù Lóore Jù Lọ?

ÌBÉÈRÈ



Mo ní ilé géèmù kékeré kan ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sanwó láti gbá géèmù. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ ni àríyànjiyàn kan bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parí. Èmi ní kò sí ọdún tí géèmù dára tó 1998. Òun ní 2017 ni, pé ìgbà èwe mi ni mò ń yìn, kì í ṣe géèmù. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá sí i, ó ní 2004 ni, nítorí géèmù GTA: San Andreas. Àwọn oníbàárà náà ti pín sí mẹ́ta.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àbúrò mi ní kò sẹ́ni tó ní PlayStation ládùúgbò wa ní 1998, pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa fi ọdún náà yangàn. Ṣé òótọ́ ló sọ? Báwo ló ṣe yẹ ká dá irú ẹjọ́ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ fún wa pé gbogbo ọdún ló dára. Ẹ dárúkọ ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ẹ̀gbọ́n wa l'Óṣogbo, 1998 ni. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ yẹ ẹjọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò yín nípa ìgbà èwe kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè gbójú fò, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jiyàn yìí ti ń ṣìnà.

Ẹ bi ẹni ogójì ọdún léèrè, á dárúkọ ọdún tó wà ní girama. Ẹ bi ẹni ogún ọdún, òun náà á dárúkọ ọdún tó wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ìtàn ara wọn ni wọ́n ń sọ. Ẹjọ́ tí ẹ gbé wá, ti ìtàn géèmù fúnra rẹ̀ ni. Bí èmi ṣe ń dá a nìyí: kí á mú ọdún náà kúrò bí ẹni yọ òpó kan lábẹ́ òrùlé, ká wá wo ohun tó máa wó. Ọdún tí ohun púpọ̀ bá wó tẹ̀lé ni a ń wá, ẹ ì báà wà níbẹ̀, ẹ ì báà má sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú 1998 kúrò.

Àkọ́kọ́ ni The Legend of Zelda: Ocarina of Time, tí Nintendo ṣe ní Kyoto, ní Japan, fún ẹ̀rọ Nintendo 64. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ìṣòro kan wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó tíì yanjú rẹ̀ dáadáa. Géèmù ti kúrò ní pẹrẹsẹ, ó ti ní iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi idà jà nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn lẹ ó máa ṣá. Ọ̀tá á ti bọ́ sẹ́yìn yín, kámẹ́rà á ṣì máa wo ibòmíràn. Yoshiaki Koizumi àti Toru Osawa, méjì lára àwọn tó ń ṣe géèmù náà, wá lọ wòran ní ọgbà fíìmù Toei ní Kyoto, níbi tí àwọn òṣèré ti ń fi ìjà samurai àti ninja dá àwọn èèyàn lára yá. Àwọn ninja yí samurai kan ká, síbẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọlù ú, àwọn yòókù á dúró. Ọ̀kan nínú wọn wá ju dòjé tó ní ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n náà wé mọ́ apá samurai, ó fà le, ninja náà sì ń yí i po bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ìran yìí ló kọ́ wọn ní ohun tí bọ́tìnnì Z máa ṣe. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ojú yín á so mọ́ ọ̀tá kan ṣoṣo, ẹ ó lè máa yí i po láìsọ ọ́ nù, àwọn tó kù á sì fún yín láyè díẹ̀.

Oṣù kọkànlá ọdún 1998 ni géèmù náà jáde. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ géèmù ìjà onídà ló ń lo irú ìdè ojú bẹ́ẹ̀. Dark Souls ń lò ó. Kí ẹ sì sọ fún àbúrò yín pé Breath of the Wild, tí mo mọ̀ pé ó wà lókè pátápátá nínú ohun tó fi ń yin 2017, ń lò ó náà.

Oṣù kan náà ni Half-Life dé láti ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Gabe Newell àti Mike Harrington, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní Microsoft, ló dá Valve sílẹ̀ ní 1996. Ọdún 1997 ló yẹ kí géèmù wọn jáde. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kò dùn tó, wọ́n sì tú u palẹ̀, wọ́n tún un mọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu yẹn gidigidi, torí gbogbo ọjọ́ tí géèmù kò bá tíì dọ́jà ni owó ń jáde lápò. Èyí tí wọ́n wá gbé síta kò fi ìbọn bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ ó kàn wà nínú ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gbé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Gordon Freeman, lọ síbi iṣẹ́. Ẹ ó máa wo àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń kọjá, ẹ ò tíì ní nǹkan kan ṣe. Láti ibẹ̀ dé òpin, ojú Gordon nìkan lẹ fi ń ríran. Kò sí fíìmù kékeré tó máa já géèmù gbà lọ́wọ́ yín kó tó lè ròyìn. Bí ẹ ṣe ń rìn ni ìtàn ń ṣẹlẹ̀ níṣojú yín, ẹ sì lè kọjú sí ògiri bó bá wù yín.

Valve tún yọ̀ǹda irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi pa géèmù náà dà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Minh Le àti Jess Cliffe fi í ṣe Counter-Strike. Gbogbo ẹni tó ti jókòó sí káfẹ́ kọ̀ǹpútà rí tó gbọ́ ariwo ìbọn rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí kò bá sí Half-Life, kò ní sí Counter-Strike.

StarCraft ti jáde ní ìparí oṣù kẹta ọdún yẹn. California ni Blizzard ti ṣe é, ṣùgbọ́n Kòríà Gúúsù ló gbé e débi tó dé. Wàhálà ọrọ̀ ajé tó bá Éṣíà ní 1997 ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì da owó tó kù lọ́wọ́ wọn sórí PC bang, ilé kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ ń sanwó wákàtí-wákàtí láti lò. Ẹ̀yin tó ń ṣe irú òwò yẹn l'Óṣogbo kò nílò àlàyé. Ìjọba wọn náà ń fa íntánẹ́ẹ̀tì tó yára káàkiri ìlú. Géèmù tó bá irú àkókò yẹn mu ni StarCraft: ẹ̀yà mẹ́ta, Terran, Zerg àti Protoss, tí ìṣe wọn kò jọra rárá, síbẹ̀ tí ọ̀kan kò lè borí èkejì pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Kò pẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n fi ń gbé ìdíje rẹ̀ jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gba owó oṣù nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n gbá. Ní 2004, àṣekágbá ìdíje kan wáyé ní etí òkun Gwangalli ní Busan, iye tí wọ́n kéde pé ó wá wòran sì jẹ́ 100,000. Nínú máàpù kan tí òǹgbá kan ṣe fún StarCraft ni èrò tó di DotA ti wá, League of Legends sì tẹ̀lé e. Ohun tó dá lórí géèmù kan ṣoṣo nìyẹn o.

Metal Gear Solid ńkọ́, tí Hideo Kojima àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe fún PlayStation? Nínú rẹ̀, ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Psycho Mantis á wo mẹ́mọ́rì káàdì yín, á sì máa dárúkọ àwọn géèmù Konami tí ẹ ti gbá. Bí ẹ bá fẹ́ tètè ṣẹ́gun rẹ̀, ẹ ní láti yọ páàdì kúrò lójú ihò kìíní, kí ẹ kì í bọ ìkejì. Ibì kan tún wà tí wọ́n ti ní kí ẹ wo ẹ̀yìn páálí síídì fún nọ́ńbà rédíò. Inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ra síídì tiwa, àdàkọ tí kò ní páálí, kò ní ẹ̀yìn. À ń yí nọ́ńbà rédíò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹnì kan fi dáhùn.

N kò ní ká gbogbo rẹ̀ tán. Resident Evil 2 wà níbẹ̀, Tekken 3 dé orí PlayStation, Thief sọ òkùnkùn àti ìró ẹsẹ̀ di ohun ìjà, Baldur's Gate jáde ní oṣù Kejìlá, Pokémon dé Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn náà ni géèmù bọ́ọ̀lù Winning Eleven 3, tí wọ́n ṣe fún Ife Àgbáyé ti ilẹ̀ Faransé, jáde ní Japan. Àwọn tó wá tẹ̀lé e nínú ìdílé Winning Eleven ni ọ̀pọ̀ ilé géèmù ní ilẹ̀ wa fi jẹun, tí a ń gbá a láìmọ lẹ́tà Japan kan ṣoṣo kà.

Èyí gbé mi dé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Lóòótọ́, ní 1998, ọkàn ará Nàìjíríà kò sí lórí géèmù. Abacha kú ní oṣù kẹfà, Abíọ́lá kú ní oṣù keje. Ẹ̀rọ oníkàtíríìjì ló ṣì wà nílé púpọ̀ nínú àwọn tó rówó ra nǹkan kan, géèmù ọdún yẹn sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọdún 1938 ni Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ta ni nínú àwọn tó ń kà á lónìí tó wà láyé nígbà yẹn? Kò sì sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n má pe 1938 ní ọdún ńlá. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí 1998 yín. Ẹ kàn má pè é ní ọdún tí ẹ gbá a.

Ọ̀rẹ́ yín onífóònù, mo gbọ́ tirẹ̀. San Andreas dùn, ó sì gbòòrò ju gbogbo GTA tó wà ṣáájú rẹ̀ lọ. Àmọ́ GTA III ti 2001 ti là á sílẹ̀ báyìí: ìlú odindi, ọkọ̀ tí ẹ lè já gbà, iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe tàbí kí ẹ fi sílẹ̀. Half-Life 2 tó jẹ́ ògo 2004, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ti àbúrò yín le díẹ̀, mi ò ní fojú tín-ínrín rẹ̀. Ẹ̀rọ Switch ti Nintendo jáde ní ọjọ́ 3, oṣù kẹta, 2017, Breath of the Wild bá a dé lọ́jọ́ kan náà, Super Mario Odyssey sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá. Horizon Zero Dawn, Hollow Knight, Cuphead, PUBG, gbogbo wọn ọdún kan náà, Fortnite Battle Royale sì jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹsàn-án. Ká ní ẹ béèrè ọdún tí géèmù rẹ̀ á dùn jù fún ẹni tó ń gbá a lónìí, 2017 ni mo máa dá láre. Kámẹ́rà Ocarina le fún ọmọ òde òní, Resident Evil 2 ti ìgbà yẹn sì ń yí bí ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n ọdún náà ni wọ́n gbé Star Wars Battlefront II jáde pẹ̀lú àpótí àdììtú, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń pinnu agbára òǹgbá. Ibínú àwọn èèyàn pọ̀ débi pé àwọn tó ṣe é dá fífi owó ra nǹkan nínú rẹ̀ dúró kí géèmù tó délé ọ̀pọ̀ oníbàárà, nígbà tó sì di 2018, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kéde pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin tẹ́tẹ́ wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tan owó lápò ọmọdé ń dùn mí, n kò sì lè ka ọdún yẹn láìkà á mọ́ ọn.

Bí ẹ bá fẹ́ orogún gidi fún 1998, 1996 ni. Super Mario 64 ló kọ́ wa bí a ṣe ń rìn nínú ayé tó ní ẹ̀yìn àti iwájú, Zelda sì kọ́ ilé rẹ̀ lé iṣẹ́ yẹn. Ẹ́ńjìnnì Quake, tó jáde lọ́dún 1996 náà, ni Valve gba àṣẹ rẹ̀ tó fi ṣe Half-Life. Tomb Raider àti Resident Evil àkọ́kọ́ tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mú 1996, n kò ní bá a jà pẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n dúró ti 1998 ni pé 1996 kọ́ wa bí a ṣe ń rìn, 1998 ló wá fi bí a ṣe ń jà hàn wá, bí a ṣe ń fara pamọ́, bí a ṣe ń gbọ́ ìtàn, àti bí a ṣe ń figa gbága níwájú èrò. Ìyẹn ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń ṣe nínú géèmù di báyìí.

Ẹ má sì fi ẹnu nìkan já a fún àbúrò yín. StarCraft ti di ọ̀fẹ́. Ní 2017 tirẹ̀ yẹn ni Blizzard yọ owó orí rẹ̀, kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì lè gbé e. Ẹ fi sórí méjì nínú èyí tó bá wà ní ilé géèmù yín, kí ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ jọ jókòó. Protoss ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, torí òun ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.