Ẹ̀yin Ọmọ Brick Game, Mo Ní Ẹjọ́ Yín Í Rò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ ibí. Mo mọ̀ pé irun ti hù lágbọ̀n yín, àwọn kan nínú yín sì ti ń gbé agbádá ńlá wọ̀ lọ sóde ìnáwó, ṣùgbọ́n ọmọ lẹ ṣì jẹ́ lójú mi. Mo ń gbọ́ ohùn yín nírọ̀lẹ́, bí ẹ ṣe ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pé kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, pé géèmù kì í jẹ́ kí ọmọ ní láárí, pé nígbà tiyín, ìwé nìkan lẹ mọ̀. Ìwé wo? Ta lẹ ń pa irọ́ yẹn fún? Ṣé ẹ rò pé gbogbo àwa tí a mọ̀ yín ní kékeré ti kú tán ni?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà ní Kétu, ní Èkó, nígbà náà, nínú ilé face-me-I-face-you, níbi tí brick game kan ṣoṣo ti ń káàkiri láti yàrá dé yàrá. Mo mọ ẹni tó ni ín, mo sì mọ ẹni tó fi orí rẹ̀ gba ìkó lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, nítorí ó dà bíi pé owó oṣù ti pa yín níyè dà.

Ike pẹlẹbẹ ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan, àfi àmì dúdú onígun mẹ́rin tó ń já bọ́ láti òkè. Bọ́tìnnì ńlá kan wà lápá ọ̀tún, òun lẹ fi ń yí bíríkì. Ó sì ní ohùn kan, tí-tí-tí, tó máa ń ta jáde lábẹ́ aṣọ ìbora lóru nígbà tí ẹ bá ń díbọ́n pé ẹ ti sùn. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé géèmù 9999 ló wà nínú rẹ̀. Irọ́ ọjà ni. Èmi tí mo bá wọn ta tòmátì ní ọjà Mile 12, mo mọ bí wọ́n ṣe ń to apẹ̀rẹ̀ kí èyí tó dára lè wà lókè. Bíríkì tó ń já bọ́ wà níbẹ̀, ọkọ̀ eré sísá, ọkọ̀ ológun, ejò, àti ọ̀pọ̀lọ́ tó ń sọdá títì. Wọ́n á wá yí ìyára àti ìpele wọn padà, wọ́n á ka ìkọ̀ọ̀kan sí géèmù tuntun. Ẹ̀yin gbà á gbọ́, ẹ̀ ń wá èyí tó jẹ́ 9999 kiri.

Ọ̀rọ̀ bátìrì wá ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ fi eyín gé bátìrì kó lè rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ tò ó sójú fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán lè jí i. Nígbà tí ìyẹn kò sì ṣeé ṣe mọ́, aago ara ògiri ló kàn. Ọjọ́ kan wà tí aago yàrá mi dúró sí ibì kan náà láti òwúrọ̀, tí mo jókòó tẹ̀tẹ̀rẹ́ tí mo ń rò pé ọjọ́ kò tíì lọ. Ìgbà tí mo máa dé ọjà, àwọn oníbàárà mi ti ra ẹrù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo yí aago náà padà, ihò bátìrì ṣófo. Gbogbo yín lẹ búra pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, tí-tí-tí sì ń dún lẹ́yìn ilé ìwẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rántí òfin kan tó wà láàárín yín nígbà náà, tí àgbà kankan kò bá yín ṣe. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá tán nínú géèmù, yóò gbé e fún ẹni tó kàn. Ìbáà jẹ́ ọmọ lándílọ́ọ̀dù, ìbáà jẹ́ ọmọ alágbàṣe tó sùn sí pálọ́ ẹni ẹlẹ́ni, bí o bá ti kú, o ti kú nìyẹn. Ẹni tó ń gbá a kì í ju ẹnì kan lọ, àwọn olùwòran á sì pé mẹ́fà, mẹ́jọ, gbogbo wọn á máa pàṣẹ: yí i, yí i, jẹ́ kó bọ́! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí ọpọ́n ayò gan-an nìyí. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ènìyàn méjì péré ló ń ta á, ṣùgbọ́n ariwo àwọn tó dúró tì wọ́n lè wó ilé. Bàbá yín àgbà jókòó sídìí ayò láti ìyálẹ̀ta dọ́jọ́ rọ̀. Ọ̀ta ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó wí fún un pé eré yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn ní láárí.

Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan eré bíríkì yẹn, ará Rọ́ṣíà ni, Alexey Pajitnov lorúkọ rẹ̀. Ìlú Moscow ló ti ṣe é lọ́dún 1984, lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ìjọba tí kò tilẹ̀ lè ya àwòrán. Àmì ìkọ̀wé lásán ló fi tò ó. Tetris ló pè é. Oríṣi bíríkì méje péré ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ayé gbá a, àwọn ilé-iṣẹ́ ń pa owó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ sí i, ó sì di ọdún 1996 kí ẹni tó dá a sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó gidi gbà níbẹ̀. Ọdún méjìlá! Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ owó ni mo ń bọ̀ wá bá yín sọ.

Àwọn tó gbé eré náà sọ́wọ́ ọmọdé káàkiri ayé ni Nintendo ilẹ̀ Japan, nígbà tí wọ́n gbé Game Boy jáde lọ́dún 1989. Díẹ̀ nínú yín ló fojú kan ojúlówó rẹ̀. Àfarawé rẹ̀ láti China ló dé Kétu. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìtàn ọ̀gbẹ́ni tó ṣe aṣáájú iṣẹ́ náà, Gunpei Yokoi. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ojú irin ló wà tó rí òṣìṣẹ́ kan tí nǹkan sú, tó ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò fi ṣeré, ibẹ̀ ló ti ronú kan géèmù kékeré àmúlọ́wọ́. Nígbà tó di àkókò Game Boy, àwọn mìíràn ń ṣe tiwọn ní aláwọ̀ mèremère. Yokoi kọ̀. Ó lo ojú aláìláwọ̀ àti èròjà tí kò wọ́n, tí ọwọ́ ti mọ̀. Game Gear tí Sega gbé jáde lọ́dún 1990 rẹwà ju Game Boy lọ, ó sì ń jẹ bátìrì mẹ́fà tán láàárín wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún. Bátìrì mẹ́rin ni ti Game Boy, ó sì ń lò ó ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Ọkùnrin yẹn kò mọ Nẹ́pà rí, ṣùgbọ́n ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé Ìkòsí-Kétu ló gbé dàgbà. Game Boy ló borí. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ má sì rò pé ọmọdé nìkan ni nǹkan yìí ń mú. Nígbà tí fóònù GSM wọlé lọ́dún 2001, tí Nokia bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwa oníṣòwò, mo rí ìyálọ́jà tí ejò inú Nokia kò jẹ́ kó gbọ́ pé oníbàárà ń pe òun. Ó ń darí ejò, ẹni tó fẹ́ ra ata ń darí lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, láti Mile 12 títí dé CMS, àwọn tó tò sórí ìlà láàárọ̀ kùtùkùtù, ejò yẹn náà ni wọ́n ń bọ́. Èmi alára? Ẹ má bi mí. Àgbà tó bá mọ̀ ọ́n gbá kì í fọ́nnu.

Láàárín ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ géèmù PSP dé fún àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó rẹwà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín a máa fi í pamọ́ sínú àpò, a máa fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí dá gbá a. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé àwọn olùwòran tú ká.

Ó dáa, mo ti rìn jìnnà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sílé.

Ohun tí àwọn ọmọ yín ń gbá lórí fóònù wọn, ẹ kò wò ó dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. Èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín fi hàn mí, ilé oko ni. Wọ́n ń pè é ní Stardew Valley. Èèyàn á ro oko, á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewébẹ̀, á bomi rin ín, á sin adìẹ, á kí aládùúgbò. Mo béèrè iye èèyàn tó ṣe é. Ó ní ẹnì kan ni. Eric Barone, ọmọ Amẹ́ríkà. Òun ló ya àwòrán rẹ̀, òun ló kọ orin rẹ̀, òun ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin àbọ̀ ló fi jókòó sídìí iṣẹ́ náà kó tó gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 2016. Ẹ gbọ́ eléyìí: obìnrin tó ń fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ tó ń gbọ́ bùkátà wọn, òun náà sì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní gbọ̀ngàn eré. Ká ní àbúrò yín obìnrin ló ń fẹ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní Ògùdù, ẹ ò bá ti pe ìpàdé ẹbí. Ẹ ò bá ti ní ọ̀lẹ ni, ó ń jẹ owó obìnrin, ó ń fi kọ̀ǹpútà gbin àgbàdo. Lónìí, iye tí wọ́n ti tà nínú géèmù náà ti ju mílíọ̀nù 40 lọ.

Irú iṣẹ́ báyẹn ni wọ́n ń pè ní indie: ẹnì kan, tàbí èèyàn díẹ̀ nínú yàrá kan, láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn. Ní àgbègbè tiwa, Kiro'o Games ní Yaoundé, Kamẹrúùnù, gbé géèmù Aurion jáde lọ́dún 2016, wọ́n bẹ aráyé fún owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó lè parí rẹ̀. Ìtàn Áfíríkà ni wọ́n fi hun ún, idà àti ọba àti ogún àwọn baba ńlá.

Ní Èkó níbí gan-an, ọdún 2012 ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀. Nínú àwọn géèmù àkọ́kọ́ wọn, ọ̀kan jẹ́ ti ọlọ́kadà, Okada Ride, òmíràn sì jẹ́ ti ẹ̀fọn pípa. Ẹ̀yin ẹ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dáa, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba ti fòfin de ọkadà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe tí Kétu wà. Nínú géèmù nìkan lẹnì kan ti lè gùn ún fàlàlà mọ́. Kí n má sọ ohun tí mo ń rí ní Alápẹ̀rẹ̀ bílẹ̀ bá ṣú. Ọdún 2012 yẹn náà ni Abiola Olaniran, ọmọ tó jáde ní Ifáfitì Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀. Orí fóònù Windows ló gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lé, àìmọye èèyàn káàkiri ayé ló sì gbà á. Àfi bí Microsoft ṣe kó fóònù Windows kúrò lọ́jà. Ọjà tí a kò ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí.

Maliyo ṣì wà níbẹ̀. Lọ́dún 2024, nígbà tí Disney àti àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ Kugali gbé eré Iwájú jáde, eré tó fi Èkó ọjọ́ iwájú hàn, Maliyo ni wọ́n gbé géèmù rẹ̀ fún. Iwájú: Rising Chef lorúkọ rẹ̀. Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni èèyàn ń sè níbẹ̀ fún oníbàárà tí kò ní sùúrù, èyí tí gbogbo ìyá olóúnjẹ tó wà ní Kétu ń ṣe lójoojúmọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fún un ní máàkì.

Ibi tí ẹ̀sùn mi wà nìyí o. Ẹ̀ ń náwó sórí agbábọ́ọ̀lù inú géèmù òyìnbó, agbábọ́ọ̀lù tí kò lè jẹ ẹ̀bà. Ẹ̀ ń lọ sí ibi géèmù lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó bá fìdí rẹmi á sanwó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ní òun rí géèmù tí ọmọ Nàìjíríà ṣe, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu yín jáde ni pé kò lè dáa. Bí ó bá sì dáa, ẹ ó wá ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹ ó fi gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí náà dúró fún ọdún méjìlá bíi ti Pajitnov ni? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ará ilé kò bá ra ọjà, ojú wo ni ará òde máa fi wò ó?

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí olúkúlùkù yín gba géèmù kan tí ọmọ ilẹ̀ wa ṣe sórí fóònù rẹ̀. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tà, ẹ rà á. Owó tí ẹ fi ń ra súyà lálẹ́ Fúráìdé tó o. Ẹ pe àwọn ọmọ jọ, kí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá tán gbé e fún ẹni tó kàn, títí kan ẹ̀yin náà. Bí ó bá dùn, ẹ sọ fún ará àdúgbò. Bí kò bá dùn, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, kí wọ́n lè tún un ṣe.