Ìtìjú Onígbèsè Ni Ohun Ìdógò Rẹ

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé wọ́n ti kó ìwé àwọn tí ọjọ́ àdéhùn wọn ti kọjá lé ọ lọ́wọ́ ní báńkì kékeré tí ò ń bá ṣiṣẹ́, mo sì gbọ́ pé láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ ti ń le koko bí o bá délé lálẹ́, tí ò ń sọ pé àwọn èèyàn Ojoku àti Ọ̀fà wa yìí mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó ju bí wọ́n ṣe ń dá a padà lọ. Èmi tí mo ti jókòó nídìí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ kò ní sọ pé irọ́ lò ń pa. Ẹni tí kò gba gbèsè rí ni yóò rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni. O ó kanlẹ̀kùn, wọn ó ní bàbá ti lọ sóko. O ó dé oko, wọn ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà Ìlọrin lọ. Ẹni tó ń pè ọ́ ní ọmọ dáadáa lọ́jọ́ tó ń buwọ́ lùwé ni yóò wá máa wò ọ́ bí ẹni tó fẹ́ jí i lẹ́rù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o fìdí kalẹ̀ lọ́dọ̀ mi díẹ̀, kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ọ.

Kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni owó tí ò ń lé kiri. Lọ́dún 1990 tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò báńkì ìlú-ìlú kalẹ̀, àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ló ra ìpín nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú dá, oníṣòwò dá, àwọn tó wà lẹ́yìn odi náà fi tiwọn ránṣẹ́. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ fi ìlànà tuntun lélẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 2005, tí wọ́n ní kí gbogbo wọn ti di báńkì microfinance, irú tiwa yìí, kí ọdún 2007 tó parí, ₦20 mílíọ̀nù ni wọ́n ní kí báńkì tó ní ẹ̀ka kan ṣoṣo ní lówó ìdókòwò kó tó lè dúró. Èyí tó kù nínú àpótí báńkì, ti ìyá elélùbọ́ tó ń fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ lọ́jọ́ ọjà ni, ti ọmọkùnrin tó ń fi ọ̀kadà ná Ojoku sí Ọ̀fà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ gbèsè kò rí ìyá elélùbọ́ yẹn, ìjọba ló ń rí. N kò dá a lẹ́bi tán, nítorí ojú rẹ̀ ti rí People's Bank tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ lọ́dún 1989, tí wọ́n fi Tai Solarin ṣe alága rẹ̀, tí wọ́n sì ń yá tálákà lówó láìgba ohun ìdógò. Ó tún rí Anchor Borrowers tí wọ́n gbé dé fún àwọn àgbẹ̀ lọ́dún 2015. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà á bí ìpín tiwọn nínú owó epo rọ̀bì ilẹ̀ yìí, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì nu ẹnu. Nítorí náà, kí o tó béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, fi ohùn pẹ̀lẹ́ jẹ́ kó yé e pé owó aládùúgbò ni òun mú dání.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ mi gan-an wà nìyí. Àwọn báńkì ńláńlá a máa gba ìwé ilé, wọn a máa gba ìwé ilẹ̀. Kí ni àwa ń gbà? Ilé tí bàbá yẹn ń gbé, ti agboolé ni. Ilẹ̀ tó ń ro, ti ìdílé ni, kò sì sí ọmọ ìlú tí yóò bá ọ ra ilẹ̀ ìdílé ẹlòmíràn nítorí gbèsè báńkì, kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ìjà tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jogún. Ẹ̀rọ ìlọta tó kọ sínú ìwé, bí o bá tilẹ̀ gbà á, ta ni yóò rà á ní iye tí yóò ká gbèsè? Bí o bá rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, wàá rí i pé ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn fi dógò lọ́dọ̀ wa ni ojú rẹ̀: pé òun lè wọ mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, pé òun lè jókòó láàárín àwọn àna òun, kí ẹnikẹ́ni má sì nàka sí òun. Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ìtìjú yẹn ni ìwé ilé rẹ̀, òun náà ni ìwé ilẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí o bá sì wọ́ ọ lẹ́wù láàárín ọjà, ohun ìdógò tó wà lọ́wọ́ báńkì lo fi ọwọ́ ara rẹ dáná sun. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tó tún ń bẹ̀rù pé òun yóò pàdánù. Wàá pàdé rẹ̀ lójú títì, kò ní yà fún ọ mọ́. Yóò wò ọ́ lójú kòrókòró, yóò ní kí o lọ ṣe èyí tó bá wù ọ́.

Àwọn tó ṣáájú wa mọ agbára ìtìjú, wọ́n sì lò ó lọ́nà tó le. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921, bí olówó ṣe máa ń rán ológò lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, tí yóò máa bú tọmọdé tàgbà, tí yóò sì máa mú adìẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá rí, títí ara yóò fi ni gbogbo ilé. Ẹlòmíràn a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, tí yóò máa fi iṣẹ́ oko dípò èlé, tí owó gan-an yóò sì dúró síbẹ̀ gbọn-in. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n gbé aṣọ kiri ìlú àti abúlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, tí wọ́n ń tà á láwìn. Gbogbo ayé ló rántí bí wọ́n ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn kò ní dìde àfi bí owó bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Èyí tí èèyàn ń gbàgbé, tí mo sì fẹ́ kí ìwọ dì mú, ni pé oníṣòwò yẹn ṣì ń fẹ́ tà fún ilé kan náà lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì lè ṣe kó má mọ oṣù tí irè oko ń di owó. Ó lè pariwo lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó yẹ kí ariwo náà mọ. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Àwọn tó wá lo ìtìjú láìmọ ibi tó yẹ kó dúró ni àwọn kan nínú àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Bí ọjọ́ bá kọjá díẹ̀, wọn a kó gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù onígbèsè, wọn a kọ̀wé sí àna rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí alájọ rẹ̀, pé olè ni, pé gbájúẹ̀ ni. Wọ́n tilẹ̀ kéde ikú ẹni tó wà láàyè. Ó le débi pé àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan lára wọn l'Ékòó lóṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n sì gbé ìlànà jáde fún wọn lọ́dún kan náà. Mo ń sọ èyí fún ọ nítorí mo mọ̀ pé ọwọ́ yóò máa yún ọ láti gbé àwòrán onígbèsè kan sórí WhatsApp. Má ṣe é. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o ṣe é, fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ẹni tí a bá tú síhòòhò lójú ọjà kò ní nǹkan tí yóò fi padà wá bá wa mọ́.

Bí ìtìjú bá jẹ́ ohun ìdógò, a jẹ́ pé àkókò ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ fún irú báńkì tiwa kò fi ọjọ́ ṣeré rárá: bí sísan bá pẹ́ ní ọjọ́ 1 sí 30, báńkì gbọ́dọ̀ ya ìdá 5 nínú 100 owó náà sọ́tọ̀ bí èyí tó lè sọnù, ó di 20 bó bá wọ ọjọ́ 31 sí 60, ó di 50 títí dé ọjọ́ 90, bó bá sì ti kọjá 90, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà sí òfò. Ìṣirò ìwé nìyẹn, ọkàn èèyàn náà kò sì rìn jìnnà sí i. Lọ́jọ́ kìíní, ojú ṣì ń tì í, ó sì ti ń ro bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ọ. Bí o bá wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, wàá bá ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ti yí ọ̀nà tó ń gbà lọ sọ́jà padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti rí ẹ̀sùn kan kà sí báńkì lẹ́sẹ̀, èlé ti pọ̀ jù, ẹnìkan ti rẹ́ ẹ jẹ, ó sì ti gba ara rẹ̀ gbọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Nítorí náà, má bínú jù sí ẹni tó ń sá fún ọ. Ẹni tó ń sá, ojú ṣì ń tì í, ìdógò rẹ ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni ẹni tí kò san, tí kò sì sá.

Bí o bá fẹ́ lọ, má lọ lọ́jọ́ ọjà, má lọ síbi ìsọmọlórúkọ, má sì dúró dè é nígbà tí wọ́n bá ń jáde ní Jímọ̀. Lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù tàbí nígbà tí wọ́n bá kírun alẹ́ tán. Kí i dáadáa, kí ìyàwó rẹ̀, béèrè oko, kí o sì fetí sí ìdáhùn, torí pé inú ìdáhùn oko ni ìdáhùn owó máa ń wà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Wàá rí i pé ohun tó ń ṣe wọ́n kò dọ́gba. Rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó bébà di góòlù, tí àgbẹ̀ kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ dé ọjà, tí kò sì sí ẹni tó rí náírà rà á. Ẹni tí kò san lóṣù yẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Àwọn ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé àwa gan-an la ṣe é: a yá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lówó, a ní kó máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì rèé, ó fẹ́ tó ọdún kan nínú ilẹ̀. Ní Bangladesh, Grameen Bank tí Muhammad Yunus dá sílẹ̀ rí irú rẹ̀ lẹ́yìn omíyalé ọdún 1998, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò rí owó san mọ́. Nígbà tó di bí ọdún 2001, wọ́n tún ìlànà wọn ṣe, kí ẹni tí nǹkan dà rú fún lè tún àdéhùn rẹ̀ ṣe, kó máa san díẹ̀díẹ̀. Ìwọ náà, bí o bá rí i pé òótọ́ ni, gé owó náà sí wẹ́wẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀ lójú onídùúró rẹ̀, kó tẹ̀ka sí i, kí o sì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó kéré mọ.

N kò ní kí o ya dìndìnrìn o. Ẹni kan wà tó ní, tí kò sì fẹ́ san. Wàá mọ̀ ọ́n: yóò ra ọ̀kadà tuntun, yóò pe àríyá, yóò sì ní kí o padà wá lọ́la. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Tọ onídùúró rẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà olórí ẹbí rẹ̀, nínú yàrá, kì í ṣe ní gbangba, kí o sì rán wọn létí pé ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà egbèje, àti pé ọ̀nà tó dí yẹn, àwọn ọmọ ilé náà ń gbà á. Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ètò GSI jáde láti ọdún 2020, tó fi jẹ́ pé wọ́n lè fa owó gbèsè yọ nínú àpò onígbèsè tó wà ní báńkì mìíràn. Ó wúlò fún oníṣòwò tó ní àpò káàkiri, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún àgbẹ̀ tí gbogbo owó rẹ̀ wà nínú ebè. Kóòtù ló kẹ́yìn, torí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọlọ́pàá kò sí níbẹ̀ rárá: Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn lásán.

Mú ọwọ́ ara rẹ náà mọ́. Má gba iṣu wálé, má jẹ iyán onígbèsè, má gba owó láìjá rìsíìtì, bí ilẹ̀ ti wù kó ṣú tó. Má sì fi owó ara rẹ dí gbèsè ẹnikẹ́ni nítorí kí ìwé rẹ lè dára lójú máníjà. Àwọn gbèsè kan yóò kú, ọmọ mi, wọn yóò sì dùn ọ́. Lọ́dún 2010, báńkì irú tiwa 224 ni Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó tí wọ́n yá jáde tí kò wọlé mọ́ sì wà lára ohun tó gbé wọn ṣubú. Mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ tóbi.

Bí ẹnìkan bá sì wá san èyí tó kẹ́yìn, ì báà pẹ́ tó ọdún méjì, ọjọ́ náà gan-an ni kí o fún un ní ìwé pé kò jẹ mọ́, bí ohun kan rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, kó gbà á kó tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, gun ọ̀kadà lọ sílé onídùúró rẹ̀, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé ọrùn rẹ̀ ti mọ́, nítorí ìwọ náà lo lọ kàn án lára lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ báńkì kì í ṣe é. Onídùúró tí wọn kò sọ fún yóò máa rò pé gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn òun, bí opó kan bá sì wá bẹ̀ ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ pé kó dúró fún òun, yóò ní òun kò ṣe.