Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú Accra: Ilé Ń Tóbi, Ilẹ̀ Kò Fẹ̀ Mọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti Togo, Benin, Nàìjíríà àti Sierra Leone wá, ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú yín ti gba pápá ọkọ̀ òfuurufú Accra kọjá, kí ẹ sì rò, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti rò, pé ilé ńlá onígíláàsì tí èrò ń wọ̀ ni pápá náà. Àṣìṣe ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ni ó fi àṣìṣe yìí hàn mí níwájú kíláàsì, nígbà tí wọ́n rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Accra. Mo fẹ́ kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ bí mo ti tún un ṣe lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn má baà ṣubú síbi tí mo ti ṣubú.

Ohun tí mo kọ sára pátákó nìyí: "Pápá kékeré ni èyí tí ilé èrò rẹ̀ kéré, pápá ńlá ni èyí tí ilé èrò rẹ̀ tóbi." Mo ní kí àwọn ọmọ kà á tẹ̀ lé mi. Ọmọbìnrin yìí, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Tamale, nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá wa àgbà sọ pé ti Tamale gùn ju ti Accra lọ. Ṣé ti Tamale ni ó wá tóbi jù ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó jókòó. Nígbà tí mo délé tí mo wá inú ìwé, mo rí i pé òtítọ́ ni bàbá àgbà náà sọ. Ọ̀nà ìsáré ti Accra gùn ní mítà 3,403. Ti Tamale gùn ní mítà 3,940. Ohun tí mo ń pè ní ọ̀nà ìsáré ni ọ̀nà ọlọ́dà gbọọrọ tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ kí ó tó gbéra, tí ó sì tún ń balẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kejì mo nu ohun tí mo kọ, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé èmi ni mo ṣì wí. Ẹ̀rù bà mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ṣe mí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ogun. Nígbà tí Ítálì wọ Ogun Àgbáyé Kejì ní oṣù kẹfà ọdún 1940, ojú Òkun Mẹditaréníà di ewu fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń jagun ní Íjíbítì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú ọkọ̀ òfuurufú palẹ̀ sínú àpótí, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá sí Takoradi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì ń fò wọ́n gba Èkó, Kano, Maiduguri àti Khartoum lọ sí Cairo. Accra wà lójú ọ̀nà yìí. Nígbà tí Amẹ́ríkà náà wọ ogun, àwọn ọmọ ogun òfuurufú wọn sọ Accra di ibùdó pàtàkì: wọn a gbéra ní Natal ní Bràsíìlì, wọn a sinmi ní erékùṣù Ascension, níbi tí wọ́n ti la pápá sí ní 1942, kí wọ́n tó já sí Accra. Kì í ṣe ilé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Ilẹ̀ títẹ́jú tí ó súnmọ́ òkun ni wọ́n wá lò.

Lẹ́yìn ogun, pápá náà bọ́ sí ọwọ́ ìjọba alágbádá. Ní 1956, nígbà tí Kwame Nkrumah jẹ́ olórí ìjọba Gold Coast, wọ́n dáwọ́ lé iṣẹ́ láti kọ́ ilé èrò tí ó yẹ síbẹ̀. Iṣẹ́ náà parí ní 1958, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira Gánà, wọ́n sì ṣe é kí ó lè gba èrò 500,000 lọ́dún. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Ghana Airways sílẹ̀, èyí tí ó fò títí di 2004.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun kan gbìyànjú láti dojú ìjọba dé, wọ́n sì pa Ọ̀gágun Emmanuel Kotoka. Ní 1969 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Nàìjíríà ti fi orúkọ Murtala Muhammed, tí wọ́n pa ní 1976, pe ti Èkó. Ọdún 1969 yìí ni ìyá ìyá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń tajà ní Lagos Town, èyí tí a ń pè ní Accra New Town lónìí, kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, nítorí ìjọba Busia ti pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé fi ìlú sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kò gba pápá kọjá. Ọ̀nà Aflao ni ó gbà. Bí ó bá ń sọ ìtàn náà, a ní ọkọ̀ òfuurufú ń hó kọjá lókè orí àwọn bí àwọn ti ń di ẹrù. Mo yà bàrá díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n padà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ilé èrò tuntun tí a ń pè ní Terminal 3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n kọ́ ọ kí ó lè gba èrò mílíọ̀nù márùn-ún lọ́dún, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí wọ́n kọ́ ti 1958 fún. Ilé tí ó dára ni, èmi kò sì ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ni ọkọ̀ òfuurufú fẹ́?

Kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó ń gbé ọkọ̀ òfuurufú sókè. Afẹ́fẹ́ tí ń ṣàn kọjá lórí àti lábẹ́ apá rẹ̀ ni ó ń gbé e, afẹ́fẹ́ náà kò sì ní tó bí ọkọ̀ kò bá sáré dé ìwọ̀n kan. Bí ẹrù bá ti wúwo tó ni eré tí yóò sá yóò ti gùn tó. Ooru tún ń dá kún un. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa fẹ́lẹ́: apá kì í rí nǹkan gidi fara tì, agbára ẹ́ńjìnnì pàápàá a sì dínkù. Nítorí èyí, ọkọ̀ kan náà tí ó ru ẹrù kan náà yóò sáré jìnnà ní ọ̀sán oṣù kẹta ní Tamale ju bí yóò ti sá ní London ní ìgbà òtútù lọ. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ wa fi ń béèrè ọ̀nà tí ó gùn.

Mo tún kọ́ àwọn ọmọ ní ìtumọ̀ nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sórí ọ̀nà ìsáré. Ní Accra, 21 ni ó wà ní ìpẹ̀kun kan, 03 ní ìkejì. Ẹ fi òdo kan sí ìdí wọn: 210 àti 30. Ìwọ̀n kọ́ńpáàsì ni. Ọkọ̀ tí ó dojú kọ 210 ń wo ìhà àárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ wá sí Accra ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ níwájú, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò sá a kúrú. Bí ó bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, a gùn. Èyí ni kò jẹ́ kí a lè yí ọ̀nà ìsáré sí ibikíbi tí ilẹ̀ bá ṣófo. Afẹ́fẹ́ ti yan ojú ibi tí yóò kọjú sí.

Àwọn tí wọ́n la pápá náà fi í sí ẹ̀yìn ìlú. Ìlú ni ó wá a wá. Lónìí, ilé àwọn olówó, ilé ìtura, ọ́fíìsì àti bárékè ológun yí i ká, trotro sì ń kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà rẹ̀. Ilé èrò lè ga sókè. Ọ̀nà ìsáré kò lè gun àtẹ̀gùn. Àjọ ICAO, tí ó ń ṣe òfin ìrìnnà òfuurufú fún gbogbo ayé, ní kí ilẹ̀ òfìfo wà lẹ́yìn ìpẹ̀kun ọ̀nà: lẹ́yìn mítà 60 àkọ́kọ́, ó kéré tán mítà 90 sí i, ìmọ̀ràn wọn fún ọ̀nà ńlá sì ni pé kí ó tó 240. Ẹni tí kò mọ̀ lè wo koríko náà kí ó ní ilẹ̀ ń ṣòfò.

Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2012, bàálù akẹ́rù Boeing 727 kan tí ó ti Èkó wá balẹ̀ ní Accra nínú òjò, kò sì rí ara rẹ̀ dá dúró. Ó ré kọjá ìpẹ̀kun ọ̀nà, ó wó ọgbà, ó já sí ojú títì Giffard Road, ó sì kọlu bọ́ọ̀sì kékeré kan tí ń lọ jẹ́jẹ́. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n wà nínú bàálù yè. Gbogbo àwọn tí wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì kú. Wọn kò sí nínú bàálù. Ojú títì ni wọ́n wà.

Tamale rí àyè nítorí pé ìgbẹ́ ṣì wà ní ẹ̀yìn pápá tirẹ̀. Mítà 2,480 ni ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n parí ní 2016 ni ó sọ ọ́ di 3,940, àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà láti ìhà àríwá sì ti ń wọ bàálù níbẹ̀ láì kọ́kọ́ wá sí Accra. Kumasi, tí èrò pọ̀ sí ju Tamale lọ, wà pẹ̀lú ọ̀nà mítà 1,981 fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó fi díẹ̀ kún un. Ní ti Accra, ọ̀rọ̀ pápá tuntun ní ìhà Ningo àti Prampram, lẹ́yìn Tema, ti jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àgbẹ̀ àti apẹja ni wọ́n ń gbé ìhà ibẹ̀. Bí a bá ń sọ pé a fẹ́ mú pápá kan gbòòrò, ó yẹ kí á béèrè ẹni tí ó ń sùn ní ìpẹ̀kun ọ̀nà rẹ̀ kí á tó béèrè iye ìjókòó tí yóò wà nínú ilé.

Bí mo ti wá kọ́ ẹ̀kọ́ náà nìyí. Mo gé okùn, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà 20: Accra 170, Tamale 197, Kumasi ti àtijọ́ 99. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ kíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn ọmọ sì hó. Mo wá gé okùn pupa kékeré kan, sẹ̀ǹtímítà 12, tí ó dúró fún mítà 240 ilẹ̀ òfìfo, mo sì ní kí ọmọbìnrin ará Tamale fi í síbi tí ó yẹ. Ó fi í sí ìpẹ̀kun okùn Accra. Ọmọkùnrin kan fa ṣọ́ọ̀kì ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní títì nìyẹn, ó sì gbé páálí ìṣáná lé e, ó ní trotro ni. Ọmọbìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì rọra ti páálí ìṣáná náà sẹ́yìn.

Àwọn okùn náà ṣì wà nínú àpótí mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó fún kíláàsì tirẹ̀ lè wá yá a. Kí ó sáà má gé èyí tí ó pupa.