Ẹ̀yin olótẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ ta ni yunifọ́ọ̀mù òṣìṣẹ́ yín wà?

Òtẹ́ẹ̀lì tó ní òṣìṣẹ́ 20, tó sì rán yunifọ́ọ̀mù mẹ́ta-mẹ́ta fún wọn, aṣọ 60 ló ti náwó sí yẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí ọ̀gá ibẹ̀ kà wọ́n lónìí, ṣé wọ́n á pé? Òmíràn ti há sọ́dọ̀ alágbàfọ̀, òmíràn ti bá òṣìṣẹ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ lẹlòmíràn ń wọ aṣọ ẹnì kejì rẹ̀ láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti owó lọ. Ẹni tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù òtẹ́ẹ̀lì, máígàádì kì í sábà bi í léèrè ibi tó ń lọ, àlejò náà á sì ṣílẹ̀kùn fún un tó bá ní òun fẹ́ẹ́ tún yàrá ṣe. Tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ẹrù àlejò àti orúkọ òtẹ́ẹ̀lì ló wà nínú ewu.

Ohun tó ń fa wàhálà yìí ni pé gbogbo aṣọ náà jọra wọn. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Nọ́ḿbà dáa ju orúkọ lọ, nítorí tí òṣìṣẹ́ bá lọ, ẹlòmíràn ló máa wọ aṣọ náà. Bí àpẹẹrẹ, Y-07-2 lè túmọ̀ sí pé aṣọ àwọn tó ń tún yàrá ṣe ni, ti òṣìṣẹ́ keje, àti pé aṣọ rẹ̀ kejì nìyẹn. Inú kọ́là ẹ̀wù tàbí inú ìbàdí ṣòkòtò ni kẹ́ ẹ fi nọ́ḿbà sí, níbi tójú àlejò kò ti ní tó o.

Ẹ lè fi bíírò aláwọ̀ tí kì í ṣí kọ ọ́, ṣùgbọ́n omi gbígbóná àti ọṣẹ líle máa ń pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí télọ̀ bá rán mọ́ aṣọ ló ń pẹ́ jù. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá máa ń rán ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní RFID mọ́ aṣọ, tí ẹ̀rọ mìíràn á sì ka ọ̀pọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà láìtú àpò. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó lè gba nǹkan bí ìfọ̀ 200. Fún òtẹ́ẹ̀lì kékeré, ìwé àkọsílẹ̀ kan ti tó.

Nínú ìwé yẹn, ẹ kọ nọ́ḿbà aṣọ, orúkọ ẹni tó gbà á, ọjọ́ tó gbà á àti ọjọ́ tó dá a padà, kí onítọ̀hún sì buwọ́ lù ú. Ọ̀kan á wà lára òṣìṣẹ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, ọ̀kan ní sítọ́ọ̀. Ẹni tí kò bá mú èyí tó dọ̀tí wá, kó má gba èyí tó mọ́. Tí alágbàfọ̀ bá fẹ́ẹ́ kó aṣọ, kí òun àti ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ jọ kà á, kí àwọn méjèèjì sì buwọ́ lùwé. Ẹ máa ka gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù. Èyí tó bá ti gbó, ẹ yọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì kúrò lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù.

Bí aṣọ bá sọnù ńkọ́? Ẹ má sáré yọ owó oṣù ẹnikẹ́ni. Abala 5 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ìyẹn Labour Act, sọ pé kí ọ̀gá tó lè yọ owó nítorí àdánù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìdáa tàbí kó jẹ́ àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, kí aláṣẹ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Àpapọ̀ owó tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ.

Ibi tí ìwé àkọsílẹ̀ ti wúlò jù nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni aṣọ ti sọnù, ìwé á fi hàn, aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ kò sì ní í san gbèsè ohun tí kò jẹ. Ẹ ra ìwé kan lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ fi aṣọ tó wà ní sítọ́ọ̀ bẹ̀rẹ̀.